Ẹ̀wà Sàárà Bàbá Onílọ́fíńdà

Àkàrà ni mo ń jẹ lọ́wọ́ nígbà tí igbe ta láti ẹ̀yìn ilé Bàbá Onílọ́fíńdà. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, irú òjò tí í mú kí àpáta Olúmọ fúnra rẹ̀ máa wá aṣọ òtútù. Èmi Láwàlì jókòó sí ìsọ̀ ọ̀gá mi tó ń lẹ táyà, mo ń retí oníbàárà. Igbe yẹn ò jọ igbe olè, kò sì jọ igbe ọ̀fọ̀. Abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń dún.

Mo sáré. Kò sẹ́ni tó tíì sá irú eré tí mo sá lọ́jọ́ náà rí ní gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá, láti Kọ́bapẹ́ títí dé Wásinmi. Àwọn tó sún mọ́ ibẹ̀ jù mí lọ ò tíì dìde nílẹ̀ tí mo ti dé. Ìyàwó Bàbá Onílọ́fíńdà, Kùdírátù, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Mọ́nsúrù, ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣáláńgá, ó káwọ́ lérí. Pákó tí wọ́n tẹ́ sórí ihò ti jẹrà tipẹ́, òjò wá parí iṣẹ́ tó kù. Pákó ti já, ọkọ rẹ̀ sì ti wà nísàlẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé báàgì ìwé kọ́rùn, mi ò fẹ́ ba oúnjẹ jẹ́ mọ́ yín lẹ́nu, ṣùgbọ́n òótọ́ ni ká sọ. Ó mù ún dé àyà. Òórùn ibẹ̀ le débi pé eṣinṣin gan-an ń yà bàrá. Bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo Abẹ́òkúta, tí ẹ bá ní kí n nawọ́ sí ẹni tó mọ́ jù, ọkùnrin yìí ni mo máa nawọ́ sí. Sàlàhúdíìnì lorúkọ rẹ̀. Ó ń ta lọ́fíńdà, tùràrí àti tìróò lọ́jà Ìtòkú. Bàbá rẹ̀ tà á, bàbá bàbá rẹ̀ náà tà á. Tó bá gba ojúde wa kọjá láàárọ̀, òórùn dídùn rẹ̀ á ṣì máa rìn kiri títí ìrọ̀lẹ́ bí àlejò tí kò rílé wọ̀. Jàlámíà funfun ló máa ń wọ̀, mi ò sì rí àbàwọ́n kan lára rẹ̀ rí.

Àwọn kan á sọ fún yín pé Bándélé káfíńtà ló gbé àkàbà wá, pé èrò rẹpẹtẹ ló fa okùn. Ẹ má dá wọn lóhùn. Èmi ni mo fa bàbá yẹn jáde. Ọwọ́ òsì nìkan ni mo sì lò, nítorí àkàrà mi ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ohun tí mi ò ní jiyàn rẹ̀ ni pé mi ò jẹ àkàrà náà mọ́.

Nígbà tó jáde, ó dúró. Kò pariwo, kò sunkún. Ó kàn rọra sọ pé kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun wá omi. Àwọn èèyàn pọnmi wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀ọ́kán ni wọ́n dúró sí tí wọ́n ń dà á lù ú, bí ìgbà tí wọ́n ń fọ mọ́tò. Wọ́n fi ọwọ́ kan dímú, wọ́n fi ìkejì da omi. Ẹni tó ta lọ́fíńdà fún wọn ní ọjọ́ ìyàwó wọn, tó fún wọn ní tùràrí ọ̀fẹ́ nígbà tí òkú bá wà nílé wọn, òun ni wọ́n ń da omi lù bí ajá ẹlẹ́kùkù. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló sún mọ́ ọn pẹ̀lú kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú.

Ìyá Àgbà Bùsírátù, ẹ̀gbọ́n bàbá náà obìnrin, ló dá gbogbo wa dúró kí a tó tú ká. Àṣà kan wà ní agbolé wọn tó ti pẹ́ ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá jábọ́ sínú ṣáláńgá, wọ́n á se ẹ̀wà púpọ̀, wọ́n á fi ṣe sàárà, gbogbo àdúgbò á sì jókòó yí onítọ̀hún ká, wọ́n á tọwọ́ bọ àwo kan náà pẹ̀lú rẹ̀.

"Omi ti wẹ ara rẹ̀," ló wí. "Ṣùgbọ́n omi ò lè wẹ ojú tí ayé fi ń wò ó. Ẹ̀yin lẹ máa wẹ ìyẹn. Ẹ bá mi wá jẹun lọ́jọ́ Jímọ̀."

Gbogbo wọn dáhùn pé àwọn á wá. Ẹnu dùn-ún ròfọ́ o.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ẹ̀wà dé. Ẹ̀wà tó rọ̀ bí òwú, tí epo rẹ̀ pupa bí oòrùn àárọ̀, pẹ̀lú ẹ̀kọ tútù. Ìkòkò tí wọ́n fi sè é tóbi tó ilé mi, kí n má parọ́, ó tóbi ju ilé mi lọ. Ọdún yẹn gan-an ni àwọn sójà gbàjọba padà, tí wọ́n ń fi kóbókò kọ́ àwọn àgbàlagbà bí wọ́n ṣe ń tò sórí ìlà. Ẹ̀kọ́ náà ti wọ̀ wá létí. Àwọn ará àdúgbò tò tẹ̀lé ara wọn láìsí ariwo. Bàbá Onílọ́fíńdà jókòó sórí ẹní nínú jàlámíà tuntun, wọ́n gbé àwo ńlá síwájú rẹ̀, ó ń wojú wọn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ni mo bá rí i pé ewé ló wà lọ́wọ́ kálukú. Ewé àti abọ́.

Wọ́n ń gba ẹ̀wà, wọ́n ń ṣàdúrà, wọ́n ń lọ. "Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́ o." "Àmín o." Ẹnì kan ní òun gbé ìkòkò kaná. Ẹlòmíì ní ọmọ ń sunkún. Ìyá Sàfúrátù, tí ilé rẹ̀ àti tiwọn fara kan ara wọn, ní eyín ń dun òun, bẹ́ẹ̀ ẹ̀wà yẹn ò nílò eyín. Wọ́n gbé tiwọn dání, wọ́n sì gbà pé àwọn ti ṣe ohun tí àṣà wí. Wọ́n ní sàárà ni, sàárà kì í sì í pàdánù bí wọ́n bá gbé e lọ sílé jẹ. Ọkùnrin yẹn jókòó ti àwo rẹ̀ títí ẹ̀wà fi tutù, tí epo dì lé e lórí. Kò sẹ́ni tó tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ẹ ti ń bi mí pé èmi ńkọ́. Ọ̀gá mi ló pè mí. Ọ̀gá kì í pe ọmọṣẹ́ kó má lọ.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo gba ojú gọ́tà kọjá. Ẹ̀wà ni gbogbo rẹ̀. Ewé tí wọ́n fi pọ́n ọn ò tú, bí wọ́n ṣe gbà á ni wọ́n ṣe jù ú nù. Mo tutọ́. Mo ti wo inú ṣáláńgá yẹn, mo ti gbóòórùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí mi lára tó gọ́tà yìí. Bàbá fúnra rẹ̀ dúró sí wíńdò òkè, ó ń wo ibi tí mo ń wò. Ó fa wíńdò dé.

Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣáájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Àwọn ará àdúgbò wa ò kọ́gbọ́n kankan, orin ni wọ́n kọ́. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ ilé ìwé fi ń kọ ọ́ kiri pé lọ́fíńdà tuntun dé, abẹ́ ilẹ̀ ló ti wá. Wọ́n á kọ ọ́, wọ́n á fi ọwọ́ dímú, wọ́n á ṣubú lu ara wọn lẹ́rìn-ín.

Ẹni tí orin yẹn sì ń gún bí abẹ́rẹ́ ni Mọ́nsúrù, ọmọ bàbá náà. Ọ̀rẹ́ mi ni. Ó wà ní kíláàsì karùn-ún, ó ń múra sílẹ̀ fún wáyẹ́ẹ̀kì. Tẹ́lẹ̀, Mọ́nsúrù ò ní kọjá lẹ́bàá rẹ kó má fi kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ gbá ọ nímú. Lọ́fíńdà bàbá rẹ̀ ló fi ń ṣe fáàrí láàárín àwọn ọmọbìnrin. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ṣáláńgá yìí, tó bá wọ kíláàsì, wọ́n á ní kí wọ́n ṣí wíńdò.

Bàbá ní òun ò ní tìtorí orin àwọn ọmọdé pa ìsọ̀ òun tì. Ó padà sọ́jà. Mo wà níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo ru táyà tírélà mẹ́ta lórí lẹ́ẹ̀kan náà, mo ń gbé e lọ fún oníbàárà wa kan. Mo rí obìnrin kan tó mú ìgò lọ́fíńdà, tó gbé e símú, tó gbóòórùn rẹ̀ títí bí ẹni ń wá ohun tó sọnù, tó wá gbé e sílẹ̀, tó nu ọwọ́ sára ìró. Ì bá tiẹ̀ bú u, ì bá sàn.

Bí obìnrin yẹn ṣe ń lọ ni Mọ́nsúrù àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bọ̀ láti ilé ìwé. Bàbá rí i. Ojú rẹ̀ là. Ó gbọ́wọ́ sókè láti pè é. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, Adétáyọ̀, tí bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìbarà, bi í pé, "Ṣé bàbá ẹ nìyẹn?"

Mọ́nsúrù ò tiẹ̀ ro ó. "Bàbá mi kọ́. A kàn jọ ń gbélé ni."

Ó sọ ọ́ sókè. Ọwọ́ tí bàbá gbé sókè wà lójú afẹ́fẹ́ fúngbà díẹ̀, ó sì rọra wá sílẹ̀. Àwọn ọmọ náà kọjá. Mo ti rí oríṣiríṣi ẹ̀gbin láyé mi, mo ti rí òkú ewúrẹ́ tó wú nínú kànga, ṣùgbọ́n ọmọ tó sẹ́ bàbá rẹ̀ lójú ọjà, mi ò tíì mọ ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọ ìyẹn.

Bàbá palẹ̀ ìgò rẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó pe ìrun Àlàásárì. Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Kò lọ sọ́jà mọ́, kò lọ sí mọ́sáláṣí. Oúnjẹ tí ìyàwó rẹ̀ bá gbé sẹ́nu ọ̀nà, bó ṣe gbé e síbẹ̀ náà ló ṣe ń gbé e kúrò. Ìwẹ̀ nìkan ló ń jáde wá wẹ̀. Ó wẹ̀ láàárọ̀, ó wẹ̀ lọ́sàn-án, ó tún wẹ̀, títí kànga ilé fẹ́ẹ̀ gbẹ.

Ìyá Mọ́nsúrù bá mi lẹ́nu ìsọ̀. Obìnrin yẹn ti rù.

"Láwàlì, ó ń bó ara rẹ̀," ló wí. "Kànìnkànìn ti jẹ ẹ́ lápá. Mo ní ara rẹ ti mọ́, ọkọ mi, ó ní irọ́ ni mò ń pa, ó ní òun ń gbóòórùn rẹ̀ nísàlẹ̀ awọ. Ọmọ rẹ̀ sì ti kó lọ."

Òótọ́ ni. Mọ́nsúrù ti kó ìwé rẹ̀, ó ti lọ sílé àwọn Adétáyọ̀ ní Ìbarà. Ó ní òun fẹ́ ráyè kàwé. Ilé yẹn ni wọ́n ti ń fa okùn kí omi wá gbé ìgbẹ́ lọ, kò sí ihò, kò sí pákó. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwé ló gbé e débẹ̀.

Mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìbarà. Mo bá a lábẹ́ igi mángòrò níwájú ilé náà, ìwé wà lórí itan rẹ̀. Èmi tí mi ò mọ̀wé mọ̀ pé kò kà á, nítorí èèrà ti ń rìn lórí rẹ̀ tí kò gbọ̀n ọ́n nù.

"Ẹni tí wọ́n jọ ń gbélé," mo wí, "o kú ìwé kíkà o."

Ó bojú wẹ̀yìn bóyá ẹnì kan gbọ́. "Láwàlì, kí lo wá ṣe níbí?"

"Mo wá wo ibi tí wọ́n ti ń fomi gbé bàbá ẹni lọ."

Ó dìde, ó fẹ́ bá mi jà. Ẹ mọ̀ mí. Mo ti na akọ màlúù rí ní Láfẹ́nwá tó fi wólẹ̀ bẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n mi ò fọwọ́ kàn án. Mo kàn sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ilẹ̀kùn tó tì, oúnjẹ tí kò jẹ, kànìnkànìn, apá tó ti bó. Ó padà jókòó díẹ̀díẹ̀. Ó ní ṣé mo mọ ohun tí ojú òun ń rí, pé wọ́n á kọrin yẹn tẹ̀lé òun dé ibi ìdánwò, pé òun á féèlì. Mo ní tó bá yege tí bàbá rẹ̀ kú ńkọ́, ta ló máa gbé èsì ìdánwò fi hàn?

Ó gbọn èèrà kúrò lórí ìwé rẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Ojú ìwé yìí ni mo ti ń wò láti ọjọ́ tí mo dé ibí. Mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jà ló ń dún. Mò ń fọ ẹnu, Láwàlì. Mo fi pákò rin ín títí ó fi ṣẹ̀jẹ̀. Ẹnu mi ṣì ń rùn sí mi."

Mo jókòó tì í lórí gbòǹgbò mángòrò. Bàbá ń bó ara, ọmọ ń fọ ẹnu, kálukú wọn wà nínú yàrá tirẹ̀. Mo wá sọ fún un pé ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí, pé ohun tó ń pa bàbá rẹ̀ ló ń pa òun Mọ́nsúrù náà, kí wọ́n lọ jọ gbé e.

Adétáyọ̀ ti dúró lẹ́yìn wa, mi ò mọ ìgbà tó dé. Ó ní òun ti mọ̀ lọ́jà lọ́jọ́ náà pé bàbá Mọ́nsúrù ni. Ó ní lọ́fíńdà tí bàbá òun ń lò lọ sí ọ́fíìsì, ọwọ́ ọkùnrin yẹn ló ti ń rà á. Kò lè wojú Mọ́nsúrù. Orin yẹn, ó ti kọ ọ́ sókè ju ẹnikẹ́ni lọ.

Mọ́nsúrù padà sílé lọ́jọ́ náà. Kò lọ kan ilẹ̀kùn bàbá rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà Bùsírátù ló kọ́kọ́ lọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní kó bá òun tún ẹ̀wà yẹn sè. Lẹ́yìn ìyẹn ló ń wọ ilé dé ilé, èmi lẹ́yìn rẹ̀. Ilé tó bá dé, á dọ̀bálẹ̀, á sọ ohun kan náà: bàbá òun ni, òun sẹ́ ẹ lọ́jà, kí wọ́n jọ̀ọ́ wá bá òun bẹ̀ ẹ́. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan dímú lójú rẹ̀. Mọ́nsúrù ò padà sẹ́yìn, ó kọjá sí ilé tó kàn. Ẹ wò ó, mo lágbára o, ṣùgbọ́n irú agbára yẹn, mi ò tíì gbé e wò rí.

Wọ́n wá lọ́jọ́ tí ẹ̀wà jinná. Ewé náà tún wá pẹ̀lú wọn. Mọ́nsúrù dúró ti ìkòkò.

"Ẹ jọ̀ọ́, kò sí ẹ̀wà àgbélọ lónìí," ló wí. "Ẹni tó bá máa jẹ ẹ́, ibí ni á ti jẹ ẹ́."

Wọ́n kùn. Ìyá Sàfúrátù ní, "Ṣé o fẹ́ fipá mú èèyàn jẹun ni, ìwọ ọmọ yìí?"

"Rárá, mà. Ẹni tí kò bá lè jẹ ẹ́, kó jókòó tì wá. Ẹ má kàn gbé e lọ dà nù, torí bàbá mi rí i."

Ìyá Sàfúrátù wo ilẹ̀. Ilẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò. Mo gbádùn ìyẹn gan-an.

Mọ́nsúrù bu ẹ̀wà sínú àwo ńlá, ó gbé e lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn bàbá rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Òun nìkan. A dúró lọ́ọ̀dẹ̀, a ń gbọ́ bó ṣe ń jẹun. Ó pẹ́ kí ohùn tó jáde láti inú yàrá.

"Ta ló wà níbẹ̀?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ta ni ọ́?"

Mọ́nsúrù gbé òkèlè tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì.

"Ọmọ yín ni mí. Irọ́ ni mo pa lọ́jà. Ẹ foríjì mí."

Bàbá wá ní, "Má jẹun lẹ́nu ọ̀nà mi. Ó ń rùn níbí."

"Kò rùn, Bàbá. Iyọ̀ rẹ̀ ló kàn pọ̀ díẹ̀."

"Iyọ̀ ta ló pọ̀?" Ìyá Àgbà Bùsírátù ló sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wa. "Èmi tí mo ti ń se ẹ̀wà kí wọ́n tó bí bàbá ẹ?"

Ẹ̀rín bú. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín lórí ọ̀rọ̀ ilé yẹn, ṣùgbọ́n eléyìí yàtọ̀. Ilẹ̀kùn dún. Bàbá yọjú. Ó ti gbẹ bí panla, apá rẹ̀ pupa, ibi tó ti bó ń tàn yinrin. Ó rí èrò, ó fẹ́ padà. Bándélé káfíńtà kò jẹ́ kó ráyè. Ó ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Mọ́nsúrù, ó tọwọ́ bọ àwo, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀kọ tán kẹ́ ẹ tó jókòó o." Adétáyọ̀ ọmọ Ìbarà, tí kò jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ jẹun rí, ká sòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, ó jókòó. Èmi náà jókòó. Mo jẹ ju gbogbo wọn lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé mo kọ́kọ́ fẹ́ bì, èéfín ló wọ̀ mí lọ́fun.

Bàbá jókòó sáàárín wa. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí àwo, ọwọ́ náà sì dúró lókè rẹ̀. Kò lè sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ń wo ìka rẹ̀, ó ń wo ẹ̀wà tí gbogbo wa ń jẹ, ẹ̀rù ń bà á pé òun á bà á jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Mọ́nsúrù di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú, ó rọra tì í bọ inú ẹ̀wà títí dé ọrùn ọwọ́. Ibi tí ọwọ́ yẹn wọ̀ gan-an ni Mọ́nsúrù ti bù ú, tó sì jẹ ẹ́.

Ìgbà yẹn ni bàbá sunkún. Ìyá Sàfúrátù wá sún mọ́ wa. Kò jẹun lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó jókòó títí àwo fi gbẹ.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé ọjọ́ kan ló tán. Bàbá ṣì ń wẹ̀ jù fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dá nìkan wà mọ́. Àwọn obìnrin pín ìtọ́jú rẹ̀ láàárín ara wọn, ẹnì kan á wà pẹ̀lú Ìyá Mọ́nsúrù láàárọ̀, ẹlòmíì lálẹ́, kó lè rí oorun sùn. Bándélé pe ọ̀wẹ̀, gbogbo ọkùnrin àdúgbò jáde, a sì pààrọ̀ pákó gbogbo ṣáláńgá tó wà níbẹ̀, torí ti ọ̀pọ̀ nínú wọn ti jẹrà bíi tirẹ̀. Èmi ni mo gé igi náà. Ẹnu àárọ̀ kan ni mo gé igbó Wásinmi tán. Nígbà tí bàbá máa padà sọ́jà, ẹnì kan nínú wa ń bá a rìn lọ lójoojúmọ́. Obìnrin tó nu ọwọ́ sára ìró ò padà wá. Àwọn mìíràn wá.

Orin náà ńkọ́? Ìgbà tí wọ́n tún kọ ọ́ ní kíláàsì, Mọ́nsúrù bá wọn gbè é, ó tún fi kún un pé bàbá òun ló ni ín, kí ẹni tó bá fẹ́ rà tètè wá. Orin tí ẹni tí wọ́n fi ń bú bá ti ń gbè, kò dùn mọ́. Wọ́n pa á tì. Ó ṣe ìdánwò rẹ̀, ó sì yege, àfi ìṣirò tó tún lọ ṣe lọ́dún kejì.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ gbọ́ tèmi. Wàhálà lè bá ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ tó mọ́ jù lọ. Tó bá dé bá ọ, má tìlẹ̀kùn mọ́ ara rẹ, torí ẹ̀gbin tí o bá dá nìkan ń fọ̀, awọ ara rẹ lo máa bó. Tó bá sì dé bá ẹlòmíì, àdúrà ẹnu ọ̀nà ò tó, oúnjẹ tí ẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́ ẹ gbé lọ ò tó. Èmi Láwàlì ti gbé táyà tírélà rí, mo ti na màlúù, mo ti gé igbó, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó le jù tí mo ṣe láyé mi ni pé mo jókòó ti èèyàn tí gbogbo ayé ń dímú sí. Ẹ jókòó tì í. Tí ikùn yín bá ń rú, ẹ jókòó bẹ́ẹ̀ náà.